Ẹ má tíì gbé ayùn: bá a ṣe ń tún V Star 650 ṣe kó rẹwà kó sì máa fà dáadáa

Ọ̀sẹ̀ tí mo ra báìkì V Star mi gan-an ni mo gé féńdà ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ o! Mi ò tíì mọ̀ bóyá bíréèkì rẹ̀ dáa, mi ò tíì yẹ táyà wò, mi ò mọ ìgbà tí wọ́n yí ọ́ìlì rẹ̀ kẹ́yìn, ṣùgbọ́n mo ti rí fọ́tò báìkì kan tí wọ́n gé kúrú lórí fóònù, ara mi ò gbà á mọ́, ni mo bá tì í lọ sọ́dọ̀ bàbá wẹ́dà tó wà lẹ́yìn ilé wa n'Íbàdàn, mo ní kí wọ́n bá mi gé e. Wọ́n gé e tán, wọ́n sún sẹ́yìn, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ọmọ mi, o ò rí i pé ó ti dà bí adìyẹ tí wọ́n tu nírù?" Òótọ́ ni wọ́n sọ. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kejì, gbogbo ẹrẹ̀ tí táyà ń ta sókè, ẹ̀yìn mi ló ń bá, láti Challenge títí dé Ìwó Road.

Torí náà tẹ́ ẹ bá ní cruiser (irú báìkì gbọọrọ tí síìtì rẹ̀ rẹlẹ̀ yìí) tẹ́ ẹ sì fẹ́ tún un ṣe, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ni pé báìkì kì í gba nǹkan kan kó má béèrè òmíì. Ẹ gbé hándù sókè, kébù máa ní òun ò tó. Ẹ yí sàlẹ́ńsà, kábúrétọ̀ máa ní ebi ń pa òun. Ẹ gé féńdà, iná ẹ̀yìn àti nọ́ńbà máa wá ibi tí wọ́n máa jókòó sí. Ohun tó máa béèrè yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀, kẹ́ ẹ sì ti ya owó rẹ̀ sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan èyí tó wù yín.

Yamaha V Star 650 ni mo fi ń ṣàlàyé torí òun ni mo ń gùn, tòkúnbọ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n tà á níbẹ̀ láti 1998 títí di 2016, ní Yúróòpù Drag Star ni wọ́n ń pè é. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 649 cc, pístìn méjì tó yà síra bíi lẹ́tà V, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú, gíà márùn-ún, agbára rẹ̀ ò ju bíi 40 horsepower lọ. Ó ní Custom tí táyà iwájú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì ga (100/90-19), ó tún ní Classic tí tiẹ̀ sanra (130/90-16) tí féńdà rẹ̀ sì gbòòrò bí agbádá. Ṣáàfù ló ń yí táyà ẹ̀yìn, kò ní ṣéènì. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: àwọn tó ní ṣéènì lè pààrọ̀ sprocket (irin eléyín tí ṣéènì ń yí lé lórí) kí báìkì tètè máa fò, ẹ̀yin ò lè ṣe é pẹ̀lú owó kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní máa fi ọ́ìlì pa ṣéènì nínú eruku ọyẹ́ náà, ó tán.

Kẹ́ ẹ tó ra nǹkan ẹ̀ṣọ́ kankan, ẹ wo táyà. Kì í ṣe ojú rẹ̀ nìkan o, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ máa rí DOT, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ ni ọjọ́ orí rẹ̀: 3519 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 35 ní ọdún 2019. Táyà tí mo bá lára tèmi ti lé ní ọdún mẹ́wàá, ó sì ṣì ní eyín dáadáa, fọ́kánáísà tó wò ó ní "ó ṣì tuntun, ọ̀gá." Rọ́bà rẹ̀ ti le bí igi. Mo ní rárá. Táyà tuntun méjì gbówó lórí, ó dùn mí, àmọ́ kò sí nǹkan kan nínú gbogbo ohun tí mo ṣe sí báìkì yẹn tó yí bó ṣe ń wọ kọ́nà padà tó báyẹn.

Lẹ́yìn náà bíréèkì. Dísìkì kan ṣoṣo ló wà níwájú, dúróòmù ló wà lẹ́yìn, báìkì náà sì ju igba kílò lọ, ẹ wá rò ó. Ẹ da ọ́ìlì bíréèkì àtijọ́ nù, ẹ da DOT 4 tuntun sí i (ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní ká máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dún méjì méjì), ẹ yí páàdì, tówó bá wà kẹ́ ẹ fi họ́ọ̀sì tí wọ́n fi wáyà irin hun rọ́pò ti rọ́bà, torí ti rọ́bà máa ń wú tó bá ti dàgbà, ẹ máa tẹ bíréèkì ó máa rọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ ṣí dúróòmù ẹ̀yìn, ẹ gbọn eruku rẹ̀ dànù, ẹ bo imú o. Ìdí tí mo fi ní kí èyí ṣáájú ni pé ọ́ìlì bíréèkì máa ń jẹ pẹ́ǹtì. Ẹ̀kán kan péré tó bá kán sórí táńkì tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, á hó bí ara tí omi gbígbóná dà sí. Gbogbo iṣẹ́ tó ní ọ́ìlì, tó ní iná wẹ́ẹ̀dì, tó ní sípánà, ẹ ṣe é tán kí pẹ́ńtà tó dé.

Ó yá, hándù. Ibí ni ẹwà cruiser ti ń bẹ̀rẹ̀ torí bẹ́ ẹ ṣe jókòó ni àwọn èèyàn máa kọ́kọ́ rí. Ẹ fi kálípà (irinṣẹ́ ìwọn) wọn bí hándù ara báìkì yín ṣe nípọn tó kẹ́ ẹ tó lọ sọ́jà páàtì ní Gate lọ ra òmíràn, torí oríṣi méjì ló wọ́pọ̀, mílímítà 22 tí ọ̀pọ̀ báìkì Japan ń lò àti ínṣì kan gbáko (25.4) tí Harley àti àwọn cruiser míì ń lò, ọwọ́ ìdìmú tí wọ́n ṣe fún ọ̀kan ò ní wọ èkejì. Mo mọ̀ pé èyí tó ga gan-an tí apá máa ń na sókè bí ẹni tó ń yin Ọlọ́run ló wù yín. Ẹ dán an wò fún wákàtí kan ná: ẹ jókòó sórí àga, ẹ di ìgbálẹ̀ mú lókè èjìká, ẹ wò ó bóyá ọwọ́ yín ò ní kú. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, òfin tiẹ̀ sọ ibi tó lè ga dé. Èyí tó dọ́gba pẹ̀lú àyà ni mo fi sí tèmi, ó rẹwà, mo sì lè gùn ún dé Ìjẹ̀bú-Òde láìdúró.

Ohun tí hándù máa béèrè ni kébù klọ́ọ̀ṣì, kébù akísẹ́lẹ́tọ̀, họ́ọ̀sì bíréèkì àti wáyà. Mo fi ìyà kọ́ èyí. Nígbà àkọ́kọ́ mo fa kébù àtijọ́ títí ó fi dé ibi hándù tuntun, ó ṣiṣẹ́, inú mi dùn, mo gùn ún jáde. Mo dé kọ́nà kan ní Bódìjà, mo yí hándù sápá òsì, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ké sókè, báìkì fẹ́ gbé mi wọ inú ṣọ́ọ̀bù ìyá oníbùrẹ́dì. Kébù tó ti le ló ń fa akísẹ́lẹ́tọ̀ nígbà tí mo ń yí hándù. Torí náà tẹ́ ẹ bá dè é tán, ẹ tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa mí, ẹ gbé e sí neutral, ẹ yí hándù lọ sápá òsì pátá, kẹ́ ẹ yí i lọ sápá ọ̀tún pátá. Tí ohùn ẹ́ńjìnnì bá yí padà díẹ̀ báyìí, kébù ti kúrú, ẹ má gùn ún. Ti wáyà, ẹ má jẹ́ kí rìwáyà lọ́ ọ pọ̀ kó wá fi sẹ́lótéèpù dì í. Kó fi òjé so ó, kó fi rọ́bà tó máa ń sún kì tí iná bá kàn án bò ó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òjò àkọ́kọ́ ló máa fi hàn yín.

Síìtì ò ní pẹ́. Àwọn tó ń ran síìtì mọ́tò lè ṣe é dáadáa, ẹ sáà ní kí wọ́n fi fóòmù líle sísàlẹ̀ kí wọ́n fi rírọ̀ sókè, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń fi rírọ̀ nìkan, tẹ́ ẹ bá gun ún fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ìdí yín á ti kan páànù.

Ṣọ́kì wá ńkọ́? Ní ojú títì tiwa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú báìkì yẹn lọ sílẹ̀ ju bí Yamaha ṣe ṣe é lọ. Mo mọ̀ pé tó bá lẹ̀ mọ́lẹ̀ ó máa ń rẹwà nínú fọ́tò. Ṣùgbọ́n ṣọ́kì kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn, tó fara pamọ́ sísàlẹ̀ síìtì, kò sì ní àyè púpọ̀ láti rìn, bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ àtààbọ̀ péré. Tẹ́ ẹ bá tún gé nínú rẹ̀, bọ́ǹpù tí àwọn ará àdúgbò fọwọ́ ara wọn mọ ló máa fọ abẹ́ sàlẹ́ńsà yín. Iwájú ni kẹ́ ẹ dojú kọ. Ẹ fi sípíríǹgì tuntun sí fork (ẹsẹ̀ méjì tó di táyà iwájú mú), irú èyí tó máa ń le sí i bó bá ṣe ń wọlẹ̀, ẹ da ọ́ìlì fork àtijọ́ nù (tèmi jáde bí omi ẹ̀fọ́ tó ti bàjẹ́, òórùn rẹ̀ sì burú), ẹ fi 15W rọ́pò 10W tẹ́ ẹ bá sanra bíi tèmi. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ jókòó sórí rẹ̀, kí ẹnì kan wọn bó ṣe lọ sílẹ̀ tó. Kó wà láàárín ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo àyè tó ní. Tó bá lọ jù bẹ́ẹ̀, sípíríǹgì ti rọ̀ jù. Tí kò bá lọ rárá, ó ti le jù, ihò kéékèèké ló máa máa gbá yín lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká dúró síbi sàlẹ́ńsà àti kábúrétọ̀ dáadáa, torí ibẹ̀ ni owó àwọn èèyàn ti ń ṣòfò jù. Ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe ni pé a máa ń ra páìpù gbọọrọ tí kò ní nǹkan kan nínú, a máa ń ra fíltà onírìísí kọ́ọ̀nù, a dè é mọ́ ọn, ó pariwo, a ní "ó ti lágbára sí i." Ariwo ni, kì í ṣe agbára. Ilé iṣẹ́ ti wọn epo tí wọ́n fún ẹ́ńjìnnì yẹn mọ níwọ̀n, kódà ó kéré díẹ̀ torí òfin èéfín. Tẹ́ ẹ bá wá ṣí imú rẹ̀ tẹ́ ẹ sì ṣí ìdí rẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé pọ̀ sí i, epo sì wà níye tó wà, ohun tó ń jó nínú ẹ́ńjìnnì á wá gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ máa mọ̀ ọ́n: tẹ́ ẹ bá dẹ ọwọ́ á máa ta pò-pò-pò bí bánńgà ọdún, tẹ́ ẹ bá ṣí akísẹ́lẹ́tọ̀ lójijì á kọ́kọ́ gọ̀ kó tó gbéra, tẹ́ ẹ bá sì ń gùn ún jẹ́ẹ́ á máa fà á máa dá. Tèmi, òkè Mọ́kọ́lá tó ti máa ń gùn ní gíà kẹrin tẹ́lẹ̀, mo ní láti wá sí ìkẹta. Báìkì tí mo náwó lé lórí ló wá rọ yẹn o.

Plọ́ọ̀gì ló máa sọ òótọ́ fún yín. DPR7EA-9 ti NGK ló ń lò. Ẹ fi tuntun sí i, ẹ gùn ún bíi kìlómítà mẹ́wàá lójú ọ̀nà tó ja gaara, ẹ tẹ klọ́ọ̀ṣì kẹ́ ẹ sì pa á lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ dúró, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ yọ ọ́. Tó bá funfun bí ẹfun, epo ò tó. Tó bá dúdú bí ìdí ìkòkò, epo ti pọ̀ jù. Tó bá ní àwọ̀ tíì tí wọ́n pò mílíìkì mọ́, ẹ ti débẹ̀. Ẹ wo méjèèjì o, torí kábúrétọ̀ méjì ló wà, ọ̀kan fún pístìn kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lè yó kí ebi máa pa èkejì.

Nínú kábúrétọ̀, ibi mẹ́ta ni epo ń gbà, ibi tí ọwọ́ yín bá wà lórí akísẹ́lẹ́tọ̀ ló ń sọ èyí tó ń ṣiṣẹ́. Tó bá ń mí lásán tàbí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí i, jẹ́ẹ̀tì kékeré (idẹ oníhò tí epo ń gbà kọjá) àti ìdè àdàlù (ìdè tó ń wọn epo mọ́ afẹ́fẹ́) ni. Àárín ni abẹ́rẹ́. Tẹ́ ẹ bá ṣí i pátá, jẹ́ẹ̀tì ńlá ni. Nítorí náà ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tó ti ń ṣe wàhálà kẹ́ ẹ tó yí nǹkan, ẹ má kàn ra jẹ́ẹ̀tì ńlá nítorí mẹkáníìkì sọ bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń ta pò-pò nígbà tẹ́ ẹ dẹ ọwọ́, ìdè àdàlù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Àwọn tó ti Amẹ́ríkà wá, wọ́n fi ọmọ idẹ kékeré kan dí ojú rẹ̀ pa kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ẹ fi díríìlì tó kéré dá a lu pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tó bá ti wọlé ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ìdè ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má dá òun náà lu. Ẹ fi ìṣó oníyìípo fà á jáde. Lẹ́yìn náà ẹ yí ìdè náà wọlé kẹ́ ẹ máa ka iye ìgbà tó yí kó tó jókòó jẹ́ẹ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá yí i síta bíi ìgbà méjì àtààbọ̀, kẹ́ ẹ máa tún un ṣe láti ibẹ̀. Abẹ́rẹ́ àwọn kan kò ní ibi tí wọ́n ti ń gbé e sókè, wáṣà kékeré tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni kẹ́ ẹ fi sábẹ́ orí rẹ̀. Jẹ́ẹ̀tì ńlá, ẹ fi nọ́ńbà kan tàbí méjì gbé e sókè, kẹ́ ẹ tún lọ ka plọ́ọ̀gì. Nǹkan kan lẹ́ẹ̀kan! Tẹ́ ẹ bá yí mẹ́ta pọ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ ò ní mọ èyí tó ṣe é.

Tó bá ṣì ń ta pò-pò lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, ẹ wo gásíkẹ́ẹ̀tì ibi tí páìpù ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì, tó bá ń yọ afẹ́fẹ́ kò ní dákẹ́ láéláé. V Star tún ní nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní AIS tó máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù sínú èéfín, òun náà máa ń dá kún ariwo yẹn. Àwọn èèyàn máa ń dí i, àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà, òfin èéfín wọn ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kan irú ẹ̀. Ẹ̀yin ti London náà, tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sára páìpù yín pé kì í ṣe fún ojú títì, kò ní yege MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún níbẹ̀.

Èyí tí mo ṣe nígbẹ̀yìn ni pé mo yọ páìpù gbọọrọ yẹn, mo wá sàlẹ́ńsà míì tó kúrú díẹ̀ tó sì ṣì ní nǹkan nínú, mo dá fíltà inú àpótí rẹ̀ padà. Fíltà ìhòòhò yẹn, òjò ilẹ̀ wa àti eruku ọyẹ́ kọ́ ni wọ́n rò nígbà tí wọ́n ṣe é. Ó wá ní ohùn tó ki, òkè Mọ́kọ́lá sì di ti gíà kẹrin padà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó yára ní tòótọ́, ẹ dín ìwúwo rẹ̀ kù. Ohun tó jẹ́ kí gígé féńdà gbilẹ̀ gan-an nìyẹn: lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì àwọn ọmọ ológun Amẹ́ríkà tó dé sílé bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ gbogbo ohun tí kò wúlò kúrò lára Harley àti Indian wọn kó lè fúyẹ́, irú báìkì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wá ń pè ní bobber. Ẹ yọ síìtì ẹ̀yìn tẹ́ ẹ bá ń dá gùn ún, ẹ yọ àpò lẹ́dà, irin ẹ̀yìn, gíláàsì iwájú. Mo yọ bíi kílò méjìlá láìfi ayùn kan nǹkan kan.

Tẹ́ ẹ bá sì máa gé féńdà dandan, ẹ yọ ṣọ́kì ẹ̀yìn, ẹ gbé táyà sókè títí ibi tó lè dé, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá ìka méjì ṣì lè wọ àárín táyà àti féńdà. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti sàmì. Irin méjì tó di féńdà mú lọ́tùn-ún lósì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé e, òun ló ń gbé ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn. Kí wẹ́dà tó tan iná, ẹ tú bátìrì, ẹ gbé táńkì kúrò lórí báìkì pátápátá. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni wẹ́ẹ̀dì táńkì tó ti gbé epo rí nítorí pé ó ti gbẹ, atẹ́gùn epo tó kù nínú rẹ̀ ló ń bú gbàù.

Iná: tí iná tẹ́ ẹ fi ń sọ pé ẹ fẹ́ yà bá jẹ́ LED, ó máa ń ṣẹ́jú wìrìwìrì torí kò fa iná tó, ẹ yí rìléè rẹ̀ sí ti LED, ó parí.

Pẹ́ǹtì ló kẹ́yìn. Kí pẹ́ńtà fi clear (pẹ́ǹtì tí kò láwọ̀) tó ní hardener (ohun tó ń mú kó le) parí rẹ̀, torí sípúréè inú agolo lásán, epo tó bá dà nígbà tẹ́ ẹ ń ra epo máa bó o kúrò. Kó bo imú àti ẹnu dáadáa, hardener yẹn ò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Tẹ́ ẹ bá sì yí àwọ̀ padà, ẹ lọ tún un ṣe nínú ìwé báìkì náà, kí ọlọ́pàá má baà sọ fún yín pé táńkì aláwọ̀ búlúù kì í ṣe ti báìkì pupa. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ẹ ra ti báìkì tó ní JASO MA lára. Ti mọ́tò tí wọ́n ṣe kó máa yọ̀ gan-an máa ń jẹ́ kí klọ́ọ̀ṣì yọ̀, torí inú ọ́ìlì kan náà ni klọ́ọ̀ṣì ń gbé.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ gùn ún jáde, ẹ má lọ jìnnà, ẹ mú sípánà 10, 12 àti 14 dání, tẹ́ ẹ bá ti rìn bíi ọgọ́rin kìlómítà kẹ́ ẹ dúró kẹ́ ẹ tún gbogbo nọ́ọ̀tì dè, torí pístìn méjì yẹn máa ń gbọ̀n. Èmi ò mú sípánà kankan dání. Nọ́ọ̀tì tó di sàlẹ́ńsà mi mú já sọ́nà kí n tó dé Mọ́níyà, mo padà fẹsẹ̀ wá a títí ilẹ̀ fi ṣú, mi ò rí i, okùn aṣọ tí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan fún mi ni mo fi so páìpù náà délé, ó sì ti jó dé ìdajì kí n tó wọ Ọ̀jọ́ọ̀.